Àdúà Ìparí Tó Ṣáájú Eré Ìje Ọkọ̀

Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa ní Ìwó lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka èyí pé èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, bí òbí kan bá sì mú ọmọ tuntun wá, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ wàláà àti ẹní tí ọmọ náà yóò máa jókòó lé, bàbá mi á ti nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n á ní, "Ẹnjiníà wa ti dé láti ibi tó ti lọ sin ìjọba." Inú yàrá ni mo máa ń wà. Ara mi á gbóná, n kò ní lè jáde títí àlejò náà yóò fi lọ.

N kì í ṣe ẹni tó kórìíra ìyìn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo mọ ohun tí bàbá mi kò mọ̀. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, mo sì gboyè, ṣùgbọ́n n kò mọ ọkọ̀ wà. Inú ìwé ni mo ti mọ ẹ́ńjìnì. Mo lè yà á sórí pátákó, kí n fa ìlà, kí n fi ọfà hàn ibi tí epo ń gbà wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ṣí iwájú ọkọ̀ gidi sílẹ̀ fún mi, gbogbo rẹ̀ á dà bí inú ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, n kò ní mọ èwo ni ìfun, èwo ni ẹ̀dọ̀. Mo gbé ìmọ̀ yìí sínú bí ẹni gbé ẹ̀gbò pamọ́ sábẹ́ ṣòkòtò. Oṣù ń gorí oṣù, iṣẹ́ kò yọjú, gbogbo ẹni tó bá sì kí mi ló ń bi mí pé, "Ẹnjiníà, ìgbà wo la ó jẹ ìrẹsì iṣẹ́?"

Alájì kan wà ní ìlú nígbà náà tó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Bàbá mi gbọ́ pé ó ń kọ́ gárééjì tí wọn yóò ti máa tún àwọn ọkọ̀ náà ṣe, àti pé ó ń wá ọ̀mọ̀wé kan tí yóò máa bójú tó o. Wọ́n lọ bá a. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n ní Alájì ní kí àwọn mú mi wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà, kí òun fojú rí mi.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, bàbá mi wé láwàní tí wọn kì í wé bí kò bá ṣe ọjọ́ ọdún. Èyí nìkan ti tó láti dójú tì mí. Gbogbo ẹni tó jókòó níta ló rí wa.

"Àáfáà, ó di ibo?"

"À ń mú Ẹnjiníà lọ síbi iṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dáhùn ní gbogbo ìyànà. Wọn kò sọ pé à ń lọ tọrọ iṣẹ́. Mo ń rìn lẹ́yìn wọn, mo ń wo gìgísẹ̀ wọn, mo ń ronú pé bí iṣẹ́ yìí kò bá bọ́ sí i, ọ̀nà yìí kan náà ni a ó gbà padà.

Pálọ̀ Alájì kún. Àwọn àgbàlagbà bíi mélòó kan jókòó sórí àga, àwọn dẹ́rẹ́bà Alájì sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère àti ẹ̀rọ fídíò, aṣọ olówùú funfun ni wọ́n fi bo méjèèjì. Lẹ́yìn tí mo dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo wọn, Alájì gbé kásẹ́ẹ̀tì kan sókè.

"Ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba ló fi èyí rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Eré ìje ọkọ̀ ni, ní Bùràsíìlì. Ó kọ̀wé sí mi pé òun ni wọ́n fi ń ṣí eré ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn á máa gbé e kiri láti ìlú dé ìlú títí ọdún á fi parí. Èmi ò gbọ́ òyìnbó ibẹ̀. Ẹnjiníà, ìwọ ni o máa sọ fún wa."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn mi ní àkókò yẹn, nítorí òun ni gbogbo nǹkan yòókù ti wá. N kò rí irú eré yẹn rí. Mo ti rí àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí táyà rẹ̀ tóbi bí àgbá. Mo lè sọ pé, "Alájì, èmi náà ò rí i rí, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Gbólóhùn náà kò gùn. Ṣùgbọ́n bàbá mi jókòó sí ọ̀tún mi pẹ̀lú láwàní wọn, wọ́n ti gbé àgbọ̀n sókè, bí ìgbà tí ọmọ kéú wọn bá fẹ́ ka Kùránì níwájú àwọn èèyàn. Mo ní, "Ó dáa, sà."

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá. Àwòrán ń mì. Àwọn ọkọ̀ tò síbì kan ní méjì-méjì, èyí aláwọ̀ ewé ló wà níwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó yí wọn ká sá kúrò, gbogbo ọkọ̀ náà sì gbéra. Wọn kò yára púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé bó ṣe rí lójú fídíò ni. Bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n ń ta sí ọ̀tún, wọ́n ń ta sí òsì.

Dẹ́rẹ́bà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, tó ti pẹ́ lọ́nà Òkè Ọya ju bí mo ṣe dàgbà lọ. Ó yíjú sí mi. "Ẹnjiníà, kí ló ń ṣe wọ́n tí wọ́n ń ta báyìí? Àbí wọ́n ti mu nǹkan?"

"Wọ́n ń dínà ni," mo wí, "kí ti ẹ̀yìn má baà rí àyè kọjá."

"Hẹn-ẹ́n. Bíi ti àwọn onítakisí Ìbàdàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Dẹ́rẹ́bà náà tún ní, "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ya ẹnìkan sílẹ̀."

"Agbára ẹ́ńjìnì wọn dọ́gba ni."

Bàbá mi mi orí. Àwọn ọkọ̀ náà yí ibẹ̀ po, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti kúrò, wọ́n tò, wọ́n sì dúró. Àwọn èrò tó wà lókè àga ń ju àsíá, wọ́n ń pariwo. Ó dá mi lójú.

"Ó ti parí," mo wí. "Aláwọ̀ ewé ló ṣe ipò kìíní."

Alájì wò mí. "Kíá báyìí?"

"Eré ni wọ́n ń sá, sà."

Àwọn àgbàlagbà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ti tẹ́ ọwọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjókòó kì í tú ká láìṣe Fátíhà, ìjókòó tó bá sì ní Àáfáà nínú, òun ni yóò ṣe é. Gbogbo ilé tẹ́ ọwọ́. Bàbá mi gbé ohùn sókè ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí a ti ní èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fún àwọn sárésáré, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ tiwa náà dára. Wọ́n ṣàdúà fún Alájì, fún ọkọ̀ rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Wọ́n wá ní, "Bí ọlọ́kọ̀ aláwọ̀ ewé yìí ṣe fi ìṣẹ́gun ṣí ọdún rẹ̀, Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ mi ṣí tirẹ̀ nínú ilé yìí. Ibi tí ọkọ̀ yẹn bá dé, kí ọmọ mi náà dé ibẹ̀."

"Àmín."

"Fátíhà."

A kà á, a fọwọ́ pa ojú. Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì wà lójú mi nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bú. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Gbogbo ọkọ̀ náà ti tú jáde bí oyin tí wọ́n fi iná lé, kí wọ́n sì tó dé ìyànà àkọ́kọ́, ọkọ̀ méjì ti ya aláwọ̀ ewé sílẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà àgbà ló kọ́kọ́ fọhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ẹnjiníà, ṣé wọ́n gbàgbé nǹkan sọ́nà ni?"

Ẹ̀rín bú ní pálọ̀. Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé yíyí àkọ́kọ́ yẹn, ìgbáradì lásán ni, wọ́n ń fi mú táyà gbóná ni, wọ́n fi ń wo ọ̀nà. Mo ṣì lè sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù òótọ́ ti tóbi sí i báyìí, nítorí pé àdúà bàbá mi wà lórí rẹ̀. Mo ní, "Ìpele kejì ni."

Bàbá mi yíjú sí àwọn dẹ́rẹ́bà náà. "Ìpele kejì ni," wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀."

Ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àfi ìgbà tí mo gbọ́ irọ́ mi lẹ́nu bàbá mi, tí wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ka ìwé mímọ́.

Eré náà kò tán. Wọ́n ń yí, wọ́n ń yí. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti kọjá níwájú àwọn èrò, ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà á ní, "Ìpele wo la wà?" Bàbá àgbà kan ń fi tẹ̀sùbáà ka yíyípo náà, títí ó fi sú u. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn èèyàn sì bò ó, wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n de òmíràn, ó ti lọ kí n tó mí. Àwọn dẹ́rẹ́bà dìde dúró. Wọ́n ń rántí ibi tí wọ́n ti sùn sínú igbó nítorí táyà kan. "Àwọn yìí pọ̀ ju àwọn tó ń sin òkú lọ," ọ̀kan nínú wọn wí. "Èmi pẹ̀lú ọmọ ọkọ̀ mi nìkan ni, jáàkì wa sì tún ti tẹ̀." Inú wọn dùn gan-an. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkankan mọ́. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí lára, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí èéfín sọ lẹ́yìn ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Ó rọra yà sórí koríko, ó kú. Ẹni tó wà á jáde, ó bọ́ akoto lórí, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ láìwẹ̀yìn wo ọkọ̀ rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló rántí. Ibi tí ọkọ̀ yẹn bá dé, kí ọmọ mi náà dé ibẹ̀. Mo rí i tí bàbá mi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ ètè. Dẹ́rẹ́bà àgbà náà wo ojú wọn, ó wo tèmi, ó wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dun ẹnikẹ́ni.

"Kò tilẹ̀ já ewé," ó wí. "Ọkọ̀ kú sí ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, o ò já ewé sẹ́yìn rẹ̀ kí ti ẹ̀yìn lè mọ̀."

"Òyìnbó ni," ẹlòmíràn dá a lóhùn. "Wọn ò mọ ewé."

Nígbà tí wọ́n ju àsíá tí dúdú àti funfun pín láàárín ara wọn, tí ọkọ̀ pupa kan sì gba ipò kìíní, gbogbo ojú yí sí bàbá mi. Bàbá mi kò tẹ́ ọwọ́ fún àdúà, orí orúnkún ni wọ́n gbé e lé. Alájì dìde, ó ní, "Àáfáà, ẹ ti ṣe àdúà ìparí tiwa sílẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tiwọn pẹ́ kó tó dé. Alájì ní òun yóò ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

A rìn díẹ̀, bàbá mi wá bi mí.

"Ṣé o ti rí irú eré yẹn rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ìpele kejì tí o wí ńkọ́?"

"Mo hùmọ̀ rẹ̀ ni."

Wọ́n dúró. Mo rò pé wọn yóò bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú mi, nítorí èébú ní ibi tó ń parí sí. Wọ́n ní, "Dúró níbí," wọ́n sì padà sí ilé Alájì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi ní Ẹnjiníà, mo ń dáhùn. N kò mọ ohun tí bàbá mi padà lọ ṣe. Mo ń rí i lọ́kàn pé wọ́n ń bẹ Alájì, pé wọ́n ń tẹ̀ ba pẹ̀lú láwàní ọdún, mo sì ń bi ara mi bóyá kí n sáré tẹ̀ lé wọn. N kò sáré.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò wo ojú mi. "Mo sọ fún un pé o kò mọ̀ ọ́n, àti pé èmi náà fi ọmọ mi wé ohun tí n kò mọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká gbàgbé àdúà yẹn. Ó ní kí o wá lọ́la, ìwọ nìkan, kí o wá sọ èyí tí o mọ̀."

Mo lọ. Alájì ń run pákò níwájú ilé. Ó ní, "Kí lo mọ̀?" Mo sọ fún un. Mo mọ ìdí tí ẹ́ńjìnì fi ń gbóná lórí òkè. Mo mọ bí ènìyàn ṣe lè ṣírò ẹrù tí àsúlù, irin tó so táyà pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, lè gbé kó má kán. Mo mọ irin tó ń jẹ irin nígbà tí epo bá gbẹ. Mo sọ ọ́ títí, mo tún ń sọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́, ó sì gbé ọwọ́ sókè dá mi dúró.

"Ọkọ̀ wíwà ńkọ́?"

"N kò mọ̀ ọ́n, sà."

Ó tu omi pákò dànù. Ó pe dẹ́rẹ́bà àgbà. "Ẹ kọ́ ọ lọ́kọ̀. Lọ́jọ́ tó bá wà á dé ìlú Kuta tó sì wà á padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan sitiárìn, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá sì lè ṣe é kí gárééjì tó parí, ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ìpele méjì, Alájì?" dẹ́rẹ́bà náà bèèrè.

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kékeré kan ni mo fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọdé ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń yà mí sílẹ̀. Àwọn ọmọ kéú bàbá mi náà wà nínú wọn. Ọkọ̀ á fò bí ọ̀pọ̀lọ́, á kú, èmi á sì máa ṣàlàyé fún dẹ́rẹ́bà náà ohun tó fà á tó fi kú. "O mọ ìdí ikú ẹ̀," ó máa ń wí, "jí i."

Lọ́jọ́ ìdánwò, a dé Kuta láyọ̀. Bí a ti ń padà, tí a kò jìnnà sí Ìwó mọ́, mo rí ẹnìkan tó ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà nínú agbádá funfun. Bàbá mi ni, wọ́n ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú kan lábúlé.

"Bàbá ẹ nìyẹn," ni dẹ́rẹ́bà náà wí.

"Mo rí wọn."

"O ò ní dúró?"

Òkè ni ibẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró, ọkọ̀ á kú, ó sì lè máa yí padà sẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà á ní láti gba sitiárìn, iṣẹ́ á sì lọ. Mo ro gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú akàn. Mo tẹ iná. Mo kọjá lára bàbá mi, eruku pupa sì gbéra lẹ́yìn mi, ó bò wọ́n.

Dẹ́rẹ́bà náà kò sọ nǹkankan. Bóyá bí ó bá sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá máa lọ. Mo tẹ bíréèkì lórí òkè náà, ọkọ̀ sì kú bí mo ti mọ̀ pé yóò kú. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo di í mú bí ẹni di ìwo màlúù mú. Bàbá mi rìn dé ọ̀dọ̀ wa, kò yára. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn, ó sì gun ẹ̀yìn. Bàbá mi wọlé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ìwọ lo ń wà á?"

"Èmi ni. Ó kú ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Wọ́n ní kò burú. Ó ta, ó fò, ó yí sẹ́yìn díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbéra. Títí a fi dé ẹnu géètì Alájì, n kò yí jíà kúrò ní ìkejì, kẹ̀kẹ́ ológeere kan sì yà wá sílẹ̀.

Alájì ti dúró síta. "Ṣé ẹ fọwọ́ kan sitiárìn?" ó bi dẹ́rẹ́bà.

"Ọwọ́ wo? Ẹ̀yìn ni mo wà láti orí òkè, ara mi ni mo dì mú."

"Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la," Alájì wí.

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí mo dìde, Alájì ń na ọwọ́ sí èjìká bàbá mi, ó ń gbọn eruku kúrò lára agbádá wọn, ó ń bi wọ́n pé ọkọ̀ wo ló ṣe wọ́n báyìí. Bàbá mi ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.